Ẹ Bi Ìyá Agbẹ̀bí: Oògùn Tí Aláboyún Lò, Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀ Ọmọ

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé sí ojú ewé yìí lóṣù yìí láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ọmọ tí wọ́n bí, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ, àti bóyá oògùn tí ìyá rẹ̀ lò ló fà á. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé, a sì gé àwọn lẹ́tà mìíràn kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Agbẹ̀bí. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi bímọ nínú agboolé wa ní Kétu, ọwọ́ òsì ọmọ náà kò kọjá ìgúnpá. Àwọn àgbà kan ní ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó wà nínú oyún. Ìyá ọkọ wa ní oògùn tó ń gbé mì ni. Èmi náà ti lóyún, n kò rí nǹkan oṣù mi láti bí oṣù méjì. Kí n tó mọ̀, mo ti lo oògùn ibà, mo sì ti lo hóró méjì kan fún ara ríro, èyí tí mo rà lọ́wọ́ obìnrin tó ń ru àtẹ oògùn kiri ọjà. Oorun kò kùn mí mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tèmi náà yóò ṣe rí? (Aláboyún, Kétu)

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ ni n óò kọ́kọ́ dá sí, nítorí wọ́n ti dá a lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Nínú 100 ọmọ tí a bí níbikíbi lágbàáyé, nǹkan bíi 3 ló máa ń ní àbùkù ara tó lágbára. Àwọn tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn gé kúrú kò tó ẹyọ kan nínú 1,000. Bí àwọn dókítà bá sì tọpinpin irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tán, lọ́pọ̀ ìgbà ni wọn kì í rí ohun kan pàtó tí wọ́n lè nàka sí. Ní ti ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo gé ní ìgúnpá, tí ìyókù ara rẹ̀ sì pé, ohun tí wọ́n sábà máa ń rò ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ dáwọ́ dúró nígbà tí ọwọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tàbí pé fọ́nrán kan já lára awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó di omi inú ilé ọmọ mú, tó wá yí ọwọ́ náà ká, tó sì fún un pa. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí ìyá ṣe tàbí tí kò ṣe tó pe irú èyí wá, a kì í sì í sábà rí i lẹ́ẹ̀kejì lọ́dọ̀ òbí kan náà. Oògùn tó bá wọ ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í sábà mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún: oògùn tó burú jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí, èyí tí mo sọ nípa rẹ̀ nínú ìdáhùn tó tẹ̀ lé èyí, apá méjèèjì ló sábà máa ń bà jẹ́. Ní ti ọ̀sán gangan, àwọn àgbà tó ka ìrìn ọ̀sán léèwọ̀ fún aláboyún ní ìdí tiwọn, nítorí oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ní Kétu lè mú kí ojú obìnrin tó gbé oyún ṣú, kí ó sì ṣubú lọ́nà. Ṣùgbọ́n oòrùn kò gé ọwọ́ ọmọ rí. Ohun tí obìnrin náà nílò lọ́wọ́ yín ni ẹni tí yóò bá a gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n lè yẹ ọkàn, kíndìnrín àti egungun ẹ̀yìn rẹ̀ wò, nítorí àbùkù tó hàn síta máa ń ní ẹnìkejì nínú nígbà mìíràn.

Ní ti oyún tìrẹ, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí oyún bá dúró, apá máa ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ọlẹ̀ bí èéhù iṣu, ẹsẹ̀ a sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹjọ bá fi máa parí, ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ ti ya ara wọn. Bí nǹkan oṣù rẹ bá máa ń wá ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n-méjìdínlọ́gbọ̀n, a jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nígbà tí nǹkan oṣù ti pẹ́ tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ obìnrin ṣì ń sọ pé ara àwọn ló ń ṣe ségesège. Àwọn mìíràn tilẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ títí ikùn yóò fi yọ, nítorí ayé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí pípa oyún mọ́ lójú aráyé, àmọ́ ẹni tó ń ta oògùn fún ọ àti agbẹ̀bí rẹ kò sí lára ayé tí à ń sá fún. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa fi máa ń dé ibi àyẹ̀wò aláboyún tí gbogbo wa ń pè ní CPN, iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti parí. Nítorí náà, kí obìnrin tó ní ọkọ tó gbé oògùn kankan mì, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ọjọ́ wo ni mo rí nǹkan oṣù mi gbẹ̀yìn?

Bí ó bá jẹ́ ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti fún ọ ní oògùn ibà náà, tó sì jẹ́ artemether àti lumefantrine tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Coartem, fi ọkàn rẹ balẹ̀. Láti ọdún 2022 ni Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé ti sọ pé òun gan-an ni kí wọ́n fi máa tọ́jú ibà lásán fún aláboyún, títí kan oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ibà tí a kò tọ́jú léwu fún ọ ju oògùn rẹ̀ lọ: ó lè mú kí oyún wálẹ̀, ó lè mú kí ọmọ kéré, ó sì lè pa ìyá. Àmọ́ Fansidar tí wọ́n máa ń fún aláboyún láti fi dènà ibà ní CPN kì í bẹ̀rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tó kọjá, nítorí náà má ṣe lọ dá a rà ní ìsinsìnyí.

Hóró méjì tó kù ló ń kọ mí lóminú, kì í ṣe pé mo rò pé wọ́n ti ṣe ọmọ rẹ léṣe, bí kò ṣe pé èmi àti ìwọ kò mọ ohun tó wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń tà fún ara ríro lórí àtẹ ni ibuprofen tàbí diclofenac. Hóró kan tàbí méjì irú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún kì í ṣe ohun tí ń gé ọwọ́ ọmọ. Láti oṣù karùn-ún lọ sókè ni ewu wọn tó le jù bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n lè ba kíndìnrín ọmọ jẹ́, wọ́n sì lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nítòsí ọkàn rẹ̀ kí àkókò tó tó. Bí ó bá jẹ́ kápúsù aláwọ̀ méjì, pupa àti yẹ́lò, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ tetracycline, èyí tó máa ń ba àwọ̀ eyín ọmọ jẹ́ tí aláboyún bá lò ó láti oṣù kẹrin lọ. Bí ara bá tún ń ro ọ́ tàbí tó ń gbóná, paracetamol ni kí o béèrè, kí o sì lò ó níwọ̀n tí wọ́n bá sọ.

Àmì kan tún wà lára páálí tó yẹ kí o mọ̀. Láti ọdún 2017 ni ìjọba Faransé ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa tẹ àwòrán aláboyún sára páálí oògùn tó lè ṣe ọmọ inú léṣe. Bí àwòrán náà bá wà nínú onígun mẹ́ta pupa, ewu ni. Bí ó bá wà nínú òbìrí pupa tí ìlà dábùú rẹ̀, èèwọ̀ ni. Púpọ̀ nínú oògùn tó wà ní famasí wa láti Faransé ló ti wá, nítorí náà ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè fojú rí ìkìlọ̀ náà. Ṣùgbọ́n hóró tí wọ́n já kúrò lára páálí rẹ̀, tó ti wà nínú oòrùn lórí àtẹ láti àárọ̀, tí wọ́n sì dì fún ọ nínú ọ̀rá, kò ní àwòrán, kò ní orúkọ, kò sì ní ọjọ́ tí yóò bà jẹ́. Kútọnu wa níbí ni Jacques Chirac, ààrẹ Faransé tẹ́lẹ̀, ti ké gbàjarè lórí ayédèrú oògùn ní oṣù Kẹwàá 2009, síbẹ̀ àtẹ kò tíì kúrò lórí.

Bọ́ sí CPN ní ọ̀sẹ̀ yìí. Sọ gbogbo ohun tí o lò fún agbẹ̀bí, kí o sì gba hóró irin àti fólíkì. Ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, bí owó bá wà, béèrè fún ekográfì, àyẹ̀wò tó ń fi àwòrán ọmọ inú hàn: ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lè ka ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì fún ọ lójú ẹ̀rọ.

Ìyá wa, olùkọ́ ni mí ní Àjàṣẹ́. Mo wo ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn ará Jámánì tí wọ́n bí láìní apá nítorí oògùn tí àwọn ìyá wọn lò. Báwo ni oògùn tí wọ́n ń tà ní gbangba ṣe lè ṣe irú ọṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe é?

Thalidomide ni orúkọ oògùn náà. Ilé iṣẹ́ Chemie Grünenthal ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kẹwàá 1957, wọ́n sì pè é ní Contergan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Distaval. Oògùn oorun ni. Wọ́n polongo rẹ̀ pé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹni tó bá sì fẹ́ rà á ní Jámánì kò nílò ìwé dókítà. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó tún ń dá èébì òwúrọ̀ dúró, àwọn aláboyún bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Kí wọ́n tó gbé e jáde sí ọjà rárá, ìyàwó òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà kan ti bí ọmọ tí kò ní etí ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1956, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó so ó pọ̀ mọ́ oògùn tí bàbá rẹ̀ mú wálé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ náà burú. Àtẹ́lẹwọ́ àwọn kan hù láti èjìká tààrà, láìsí apá láàárín. Ẹsẹ̀ àwọn mìíràn rí bákan náà. Etí, ojú, ọkàn àti ìfun àwọn mìíràn bà jẹ́. Nígbà tí Widukind Lenz, dókítà àwọn ọmọdé ní Hamburg, bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ìyá léèrè ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n mu àti oògùn tí wọ́n lò, oògùn kan náà ni wọ́n ń dá lórúkọ. Ó kìlọ̀ fún ilé iṣẹ́ náà ní oṣù Kọkànlá 1961, kí oṣù náà sì tó parí, wọ́n ti kó o kúrò lọ́jà Jámánì. William McBride, agbẹ̀bí ọkùnrin ní Australia, rí ohun kan náà lọ́tọ̀. Nígbà yẹn, ó ti ju 10,000 ọmọ lọ káàkiri ayé tí ọ̀ràn náà kàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì dàgbà.

Ohun tí ìwádìí náà fi hàn nípa ọjọ́ ló yẹ kí gbogbo obìnrin mọ̀. Ọjọ́ 20 sí ọjọ́ 36 lẹ́yìn tí oyún dúró ni ewu náà wà, bí a bá sì kà á láti ọjọ́ tí ìyá rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn, ọjọ́ 34 sí 50 ni. Ẹni tó lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò náà, etí ọmọ ló sábà máa ń bà jẹ́; lẹ́yìn ìyẹn ló kan apá, tí ó sì kan ẹsẹ̀. Hóró kan ṣoṣo tó. Ẹni tó lò ó lẹ́yìn àkókò yẹn lè bí ọmọ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé pérépéré, ìdí nìyẹn tí ìyá kan fi lè jẹ́rìí pé òun lo oògùn náà tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, kí aládùúgbò rẹ̀ sì máa sunkún.

Ní Amẹ́ríkà, Frances Oldham Kelsey, dókítà kan tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, ló wà nídìí àyẹ̀wò ìwé oògùn náà láti ọdún 1960. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tà á níbẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n pè é lórí ẹ̀rọ, wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn ọ̀gá rẹ̀, obìnrin náà kò sì fọwọ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò mọ̀ pé oògùn náà ń gé apá ọmọ. Ohun tó mọ̀ ni pé wọn kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún òun pé kò léwu, ó sì tó o láti sọ pé rárá. Ní ọdún 1962, Ààrẹ Kennedy fún un ní àmì ẹ̀yẹ, Amẹ́ríkà sì yí òfin rẹ̀ padà pé kí oògùn kankan má ṣe dé ọjà láìjẹ́ pé ẹni tó ṣe é ti fi ẹ̀rí hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, kò sì léwu. Ó di ọdún 2012 kí ọ̀gá Grünenthal tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀ràn náà kàn.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá, wọ́n ṣì ń ṣe é. Ó ń tọ́jú oríṣi jẹjẹrẹ kan tó máa ń wà nínú mùdùnmúdùn egungun, ó sì ń ran àwọn tí ẹ̀tẹ̀ ń mú ara wọn wú lọ́wọ́. Ní Brazil, níbi tí ẹ̀tẹ̀ ti pọ̀, wọ́n tún rí ọmọ tí oògùn náà ṣe léṣe lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti rò pé ìyẹn ti parí, nítorí àwọn ènìyàn ń pín oògùn láàárín ara wọn. Àwọn obìnrin kan níbẹ̀ rí àwòrán aláboyún tí wọ́n fi ìlà dábùú rẹ̀ lára páálí, wọ́n sì rò pé oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lóyún ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yín nígbà tí ẹ bá ń ṣàlàyé àmì tí mo sọ nípa rẹ̀ lókè: àwòrán náà kì í ṣe ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Ìyàwó mi ní warapá láti kékeré. Dépakine ló ń lò, kò sì tíì gbé e láti ọdún mẹ́ta. A fẹ́ bímọ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ní kó da oògùn náà nù kó tó lóyún. Kí ni kí a ṣe? (Ọkọ ìyàwó, Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí oyún tó dé, nítorí nínú gbogbo lẹ́tà tó wà níwájú mi, tiyín nìkan ló tètè dé. Ẹ̀gbọ́n yín sọ òótọ́ kan, ó sì fi ewu kan kún un. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Dépakine, tí orúkọ èròjà inú rẹ̀ ń jẹ́ valproate, wà lára àwọn oògùn tó léwu jù fún ọmọ inú. Nínú ọmọ 10 tí ìyá wọn lò ó nígbà oyún, nǹkan bíi 1 ló ń ní àbùkù ara: egungun ẹ̀yìn tí kò padé, àjà ẹnu tó là, ọkàn tí kò pé, tàbí ọwọ́ tí egungun rẹ̀ kò hù bó ṣe yẹ. Nǹkan bíi 3 sí 4 nínú 10 sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n tó rìn, tàbí kí ìwé má tètè yé wọn. Ní Faransé, ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́.

Ewu ibẹ̀ ni dídá oògùn dúró lójijì. Warapá lè padà wá ní ìlọ́po, ó lè gbé ìyàwó yín ṣubú sídìí iná tàbí sínú omi, ó sì lè pa òun àti ọmọ pọ̀. Nítorí náà, kí ó máa lo oògùn rẹ̀ lọ, kí ẹ má tíì lóyún, kí ẹ fi ìfètò-sọ́mọ-bíbí dúró díẹ̀, kí ẹ sì lọ bá dókítà tó ń tọ́jú iṣan ọpọlọ. Oògùn mìíràn wà bíi lamotrigine àti levetiracetam tí ewu wọn kéré gan-an sí ti valproate. Dókítà ni yóò máa dín ọ̀kan kù, tí yóò sì máa fi èkejì kún un, ó sì lè gba oṣù mélòó kan. Yóò tún sọ ìwọ̀n fólíkì tí ìyàwó yín yóò máa lò ṣáájú oyún. Ẹ tẹ̀ lé e lọ fúnra yín, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún un láti dá lọ ṣàlàyé.

Ìyá, ẹ má bínú. Nígbà tí oyún mi tó ọ̀sẹ̀ méje, mo ra hóró Cytotec lọ́wọ́ ẹnìkan. Ẹ̀jẹ̀ wá díẹ̀, ó sì dá. Oyún ṣì wà. Èmi àti bàbá ọmọ ti fẹnu kò láti bí i báyìí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ọmọ náà kò ní ní ìka. (Akẹ́kọ̀ọ́, Àjàṣẹ́)

Ọmọ mi, n kò bínú. Oògùn ọgbẹ́ inú ni wọ́n dìídì ṣe Cytotec fún. Ohun tó wà nínú rẹ̀, misoprostol, máa ń mú kí ilé ọmọ fún ara rẹ̀ pọ̀, èyí náà ló fi wúlò lọ́wọ́ àwa agbẹ̀bí láti dá ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ dúró. Bí ilé ọmọ bá fún pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún tí oyún kò sì wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sára ọlẹ̀ lè já fún ìgbà díẹ̀. Àwọn dókítà Brazil ló kọ́kọ́ rí i pé nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí ìka tàbí ẹsẹ̀ wọn gé, tàbí tí iṣan ojú wọn kú tí wọn kò fi lè rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni ewu yẹn. Òótọ́ mìíràn, tí ẹni tó dẹ́rù bà ọ́ kò sọ, ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tí ìyá wọn la irú èyí kọjá ni wọ́n ń bí láìní àbùkù kankan.

Má ṣe lo hóró kankan mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún wá, tàbí tí ara rẹ bá gbóná tí inú sì ń run ọ́, má ṣe dúró di ilẹ̀ mọ́. Lọ sí ibi CPN, sọ oògùn tí o lò àti ọjọ́ tí o lò ó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ, kí ẹni tí yóò ṣe ekográfì fún ọ ní oṣù karùn-ún lè fara balẹ̀ wo ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú ọmọ. Ní ti àwọn mìíràn tó ń ka èyí: láti ọdún 2021, òfin Benin ti gba àwọn oníṣègùn láàyè láti ṣẹ́ oyún tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjìlá lọ, nígbà tí oyún náà bá lè dá kún ìnira tó lágbára fún obìnrin. Bóyá ẹ fara mọ́ òfin náà tàbí ẹ kò fara mọ́ ọn, kò sí ìdí tí ọmọbìnrin kan fi níláti gba hóró láti inú àpò ẹnìkan ní kọ̀rọ̀.

Mo kí yín o. Ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ mi méjèèjì tẹ̀ wọnú, àtẹ́lẹsẹ̀ ń wo ara wọn. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Wọ́n ní kí n máa fi òrí wọ́ ọ títí yóò fi tọ́. Àna mi sì ń sọ pé ìyá ọmọ lo oògùn kan. (Ìyá àgbà, Ṣábẹ̀ẹ́)

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá wa sọ fún àna yín pé kó fi ìyá ọmọ sílẹ̀: nǹkan bí ọmọ 1 nínú 1,000 ló ń wáyé pẹ̀lú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọkùnrin sì pọ̀ níbẹ̀ ju obìnrin lọ, láìjẹ́ pé ìyá lo nǹkan kan. Òrí dára fún awọ ọmọ, kò lè tọ́ egungun. Ìtọ́jú tó ń tọ́ ọ wà, dókítà kan tó ń jẹ́ Ignacio Ponseti ló sì là á kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ óò rí i tí dókítà yóò di ẹsẹ̀ kékeré náà mú jẹ́jẹ́, yóò rọra tì í síta díẹ̀, kì í ṣe débi tí ọmọ yóò fi ké, lẹ́yìn náà yóò fi òwú wé e, yóò sì fi báńdéèjì ẹfun tó máa ń le bí ó bá gbẹ dì í láti ìka ẹsẹ̀ títí dé itan, pẹ̀lú orúnkún ní títẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò máa tú u, tí wọn yóò tì í síwájú díẹ̀ sí i, tí wọn yóò sì tún un dì, ó sábà máa ń tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí ẹ̀ẹ̀meje. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, wọn yóò gé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ díẹ̀ kí gìgísẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Egbò rẹ̀ kéré, iṣan náà yóò sì tún hù padà nínú báńdéèjì tó kẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń kùnà ni ohun tó tẹ̀ lé ìyẹn. Ẹsẹ̀ ti tọ́, inú gbogbo ènìyàn dùn, wọ́n sì gbàgbé bàtà méjì tí irin so pọ̀, tí ọmọ gbọ́dọ̀ wọ̀ tọ̀sán-tòru fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà lóru nìkan títí yóò fi tó ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọmọ yóò sunkún ní òru àkọ́kọ́ àti ìkejì. Bí ẹ bá bọ́ ọ nítorí ẹkún, ẹsẹ̀ yóò padà tẹ̀. Ẹ gbé e lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì rọ̀, kí wọ́n fi ìwé gbà yín wọlé sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú egungun.

Ìyàwó mi bí ọmọkùnrin ní Kétu, ìka kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín rẹ̀. Ṣé kí a fi òwú so ó kó já?

Ẹ kú ewu ọmọ. Olúgbódi ni àwọn baba wa ń pe irú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló sì sábà máa ń gbé e wá. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín, ẹ ó rí ẹni tó ní i rí. Kì í ṣe oògùn, kò sì ń ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ẹ má ṣe fi òwú so ó nílé, nítorí ó lè kẹ̀, ó sì lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà lè gé e nígbà tó bá yá, bí ẹ bá fẹ́.

Ìyàwó ọmọ mi kì í lo oògùn òyìnbó nínú oyún, àgbo nìkan ló ń mu. Ṣé ìyẹn kò dára jù? (Bàbá, Ṣábẹ̀ẹ́)

Bàbá, ewé náà oògùn ni. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tó mọ iṣẹ́ wọn ní ewé tí wọn kì í fún aláboyún, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ pé ó lóyún nìkan ni kó ti gbà á. Èyí tí wọ́n rẹ sínú sódábì, kó má ṣe fẹnu kàn án rárá, ọtí inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó sì lè mú kí ọmọ kéré. Bí ó bá ti ń mu àgbo kan lọ́wọ́, kó mú ìgò rẹ̀ dání lọ sí CPN tó kàn, kó sì sọ fún agbẹ̀bí láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.